Ẹ ràn mí lọ́wọ́: iṣẹ́ ìwádìí ojú ewé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí omíyalé

ỌmọOdòÀlà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi gbogbo. Ọdún kẹta ni mo wà ní yunifásítì, Àkúrẹ́ níbí ni mò ń gbé. Olùkọ́ wa ní kí kálukú kọ iṣẹ́ ìwádìí ojú ewé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àkòrí tí mo mú ni "Omíyalé ní Nàìjíríà: ohun tó ń fà á àti ọ̀nà àbáyọ." Mo ti kó nǹkan bí ogójì ìwé sórí fóònù mi, mo sì ti kọ ojú ewé mẹ́rin. Ṣùgbọ́n bí mo bá ka ohun tí mo kọ, ńṣe ló dà bí ìròyìn rédíò. Olùkọ́ wò ó, gbólóhùn kan ṣoṣo ló kọ sí etí ìwé náà: "Èwo ni tìrẹ níbí?" N kò mọ ohun tó fẹ́ kí n ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

TíṣàEkìmọ̀gún
Àbúrò, olùkọ́ rẹ ṣe ọ́ lóore. Ohun tó ń bi ọ́ ni pé nínú ojú ewé mẹ́rin yẹn, èwo ni ìwọ fúnra rẹ lọ wò, tí o rò jinlẹ̀, tí o lè dúró lé lórí? Mo kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Oǹdó fún ohun tó lé ní ogún ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ tó máa ń dùn mí jù kì í ṣe ti ẹni tí gírámà rẹ̀ mẹ́hẹ. Ti ẹni tí àkòrí rẹ̀ fẹ̀ ju apá rẹ̀ lọ ni.

"Omíyalé ní Nàìjíríà" kì í ṣe ìbéèrè. Omíyalé Lọ́kọ́ja, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé, yàtọ̀ sí ti Èkó tó wà létí òkun. Méjèèjì sì yàtọ̀ sí ti Àkúrẹ́, níbi tí òjò wákàtí méjì péré ti lè lé èèyàn jáde ní pálọ̀. Bí o bá kó gbogbo wọn sínú apẹ̀rẹ̀ kan, ohun tí o máa lè sọ nípa gbogbo wọn pọ̀ kò ní ju ohun tí ọmọdé ti mọ̀ lọ: òjò rọ̀, omi kún, kí ìjọba ṣe nǹkan.

Mo rí orúkọ tí o fi ń kọ̀wé níbí. Ṣé ẹ̀bá Odò Àlà ni ilé yín wà? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè rẹ wà lẹ́yìnkùlé. Mú ìwé, kọ àkòrí rẹ sókè, kí o máa dín in kù. Omíyalé níbo? Àkúrẹ́. Apá ibo ní Àkúrẹ́? Àdúgbò kan, òpópónà méjì. Láti ìgbà wo? Òjò ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Kí ló ń rú ọ lójú níbẹ̀? Ibi ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ni kí o jókòó sí. Títí tí o fi máa rí ohun tó rú ọ lójú ní tòótọ́, má kọ ojú ewé karùn-ún.

ỌmọOdòÀlà
Ẹ ṣé gan-an, sà. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yìn ilé wa ni odò náà gbà kọjá. Ohun kan sì wà tó ti pẹ́ tó ti ń rú mi lójú. Wọ́n ṣe gọ́tà sí òpópónà tiwa, òpópónà tó tẹ̀ lé e kò ní gọ́tà kankan. Síbẹ̀ ilé tiwa ni omi máa ń wọ̀, kì í wọ tiwọn. Ṣé ìyẹn náà lè di iṣẹ́ ìwádìí?

TíṣàEkìmọ̀gún
Òun gan-an ni. Yí àkòrí rẹ padà lónìí, kí o sì lọ fi han olùkọ́ rẹ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Bùọ̀dáLáíbìrì
Mo ń ṣiṣẹ́ ní láíbìrì iléèwé gíga kan ní ìpínlẹ̀ yìí. Ogójì ìwé tí àbúrò wa sọ yẹn, ojoojúmọ́ ni mò ń rí i. Kíkó ìwé sórí fóònù kì í ṣe kíkà. Mẹ́wàá tí o kà débi pé o lè bá ẹni tó kọ ọ́ jiyàn tó fún ojú ewé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Má wá ìwé lórí Google lásán, lọ sí Google Scholar, níbi tí wọ́n ti ń wá iṣẹ́ àwọn onímọ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ jù, nítorí náà orúkọ tí wọ́n ń pe odò náà ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí o tẹ̀, kí o fi àmì àyọlò mú un kó má tú ká. Odò Àlà kì í ṣe odò tí àwọn onímọ̀ gbójú fò. FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀, ti wà ní Àkúrẹ́ láti 1981, àwọn olùwádìí sì ti kọ̀wé lórí omi odò náà àti ìdọ̀tí tó ń wọ inú rẹ̀. Bí o bá rí ìwé kan tó bá ọ̀rọ̀ rẹ mu, ọ̀nà méjì ni kí o tọ̀ láti ibẹ̀. Àwọn ìwé tí òǹkọ̀wé náà tò sẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀ yóò mú ọ padà sí àwọn tó ṣáájú rẹ̀. "Cited by" tó wà lábẹ́ orúkọ ìwé náà yóò mú ọ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó lo iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ní kí o sanwó kí o tó kà á, tẹ "All versions" ná. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀dà ọ̀fẹ́ wà níbòmíràn. Bí kò bá sí, kọ lẹ́tà kúkúrú sí ẹni tó kọ ọ́. Inú ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń dùn pé ẹnì kan fẹ́ ka iṣẹ́ wọn. Wo African Journals Online náà, tó ti wà láti 1998. Jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà tí o kò ní rí níbòmíràn wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè fò, torí ó ti mú akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ ṣìnà níwájú mi. Oǹdó ìlú wà, Oǹdó ìpínlẹ̀ wà, ẹ̀rọ kò sì mọ èyí tí o ń wá. Ìpínlẹ̀ náà gan-an kò dúró sójú kan. Oṣù kejì 1976 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1996 ni wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára rẹ̀. Nítorí náà "ìpínlẹ̀ Oǹdó" inú ìkànìyàn 1991 ní Èkìtì nínú. Ti 2006, tó jẹ́ 3,460,877, kò ní i. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kó méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó rí i pé iye èèyàn dín kù, ó wá kọ ojú ewé méjì lórí bí àwọn ará Oǹdó ṣe ń ṣí kúrò nílé lọ sí Èkó. Ọmọ yẹn ṣe wàhálà, ó ka ìwé, kò purọ́. Kò kàn béèrè ibi tí ààlà wà nígbà náà ni. Nàìjíríà kò sì tíì ka èèyàn mìíràn láti 2006. Iye èyíkéyìí tí o bá rí lẹ́yìn rẹ̀, ìfojúdá ni, kí o pè é bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ.

AdéAúlé
Ẹ jẹ́ kó fi Zotero, ètò tó ń bá èèyàn tọ́jú ìwé tó kà, sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Bó ṣe ń ka ìwé ló ti máa fi pamọ́ síbẹ̀, tó bá tó àkókò ìwé ìtọ́kasí, á tò ó jáde bí iléèwé ṣe fẹ́ ẹ, ìlànà ìtọ́kasí APA ni o, ti MLA ni o. Òru tó ṣáájú ọjọ́ tí èèyàn máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ kọ́ ni kó máa wá ọdún tí ìwé jáde kiri.

ÌyáÌbejìÌsìkàn
Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Apá tí mo mọ̀ ni ti lílọ bá èèyàn sọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n jókòó sídìí ẹ̀ dáadáa.

Lórí àwọn àgbẹ̀ kòkó agbègbè Ìdànrè ni mo ṣe ìwádìí máàsítà mi. Mo tẹ ìwé ìbéèrè ọgọ́fà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, mo pín in, mo ní n máa padà wá gbà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí mo gbà á, tí mo tò ó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo rí i pé ọwọ́ kan náà ló kọ mọ́kànlá nínú wọn. Gègé kan náà, aláwọ̀ búlúù, "g" rẹ̀ sì ní ìrù gígùn. Mo padà lọ bèèrè. Ọmọ kan tó wà ní iléèwé girama ló jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tó bá gbogbo àwọn bàbá kọ ọ́, bó ṣe rò pé wọ́n máa dáhùn. Ọmọ rere ni, ó ràn wọ́n lọ́wọ́. Èmi ni mo fi Gẹ̀ẹ́sì lọ bá ẹni tí kì í fi Gẹ̀ẹ́sì ronú lórí oko rẹ̀. Mo da ọgọ́fà náà nù. Mo sunkún, mo tún bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kejì, mo yí ìbéèrè náà sí Yorùbá, mo ní kí ẹlòmíràn tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì yí i padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí n lè rí ibi tó ti yà kúrò lọ́nà. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé "hẹ́kítà" mi kò nítumọ̀ sí wọn. Bàbá kan sọ fún mi pé, "Ìyá, iye àpò tó ń jáde níbẹ̀ nígbà tí kòkó bá ṣe dáadáa ni mo lè sọ fún yín." Iye àpò ni mo wá ń béèrè.

Ìwọ ọmọ mi, bí o bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ará òpópónà yín, má béèrè pé, "Ṣé ẹ gbà pé ìjọba kò ṣe ojúṣe wọn lórí gọ́tà?" Ta ló máa ní òun kò gbà? O ti fi ìdáhùn sí wọn lẹ́nu. Béèrè ohun tí ojú rí: "Ta ló ń kó gọ́tà iwájú ilé yín? Ìgbà wo ni wọ́n kó o kẹ́yìn?" Má sì béèrè pé, "Ṣé omi náà pọ̀?" Mo bá àbúrò mi kan lọ síbi irú iṣẹ́ yìí. A bi màmá kan bóyá omi máa ń pọ̀ nílé wọn, ó ní, "Háà, ó pọ̀ o, ó pọ̀!" A kò lè kọ ìyẹn sílẹ̀. Mo wá ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ibo ló dé lára ògiri?" Ó dìde, ó sún àga kan kúrò, ó tẹ ìka mọ́ ibi tí ọ̀dà ti wú, tó ti ń bó wẹ́wẹ́. Ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ kan wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ògiri dé òpin rẹ̀. A fa tépù: sẹ̀ǹtímítà méjìléláàádọ́ta. Màmá náà dákẹ́, ó wo nọ́ńbà náà, ó ní, "Ibi tí mo máa ń gbé ọmọ-ọmọ mi sùn nìyẹn." Ọ̀rọ̀ àti ìwọ̀n, méjèèjì wọ inú iṣẹ́ náà.

Ìgbà náà ńkọ́? Àwọn èèyàn kì í rántí oṣù. So ó mọ́ nǹkan: ṣé kí iléèwé tó wọlé ni, àbí lẹ́yìn tó wọlé? Ṣé òjò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni, àbí èyí tó rọ̀ lẹ́yìn ìsinmi òjò oṣù kẹjọ?

Kí o tó wọ ilé ẹnikẹ́ni, lọ kí alága àwọn onílé àdúgbò, mú lẹ́tà láti iléèwé dání. Sọ orúkọ rẹ, sọ ohun tí o fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe, kí o béèrè bóyá o lè gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹni tó bá ní rárá, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o máa lọ. Má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sínú iṣẹ́ tí kò bá fún ọ láyè.

Oníṣirò
Àbúrò wa máa béèrè iye ilé tó yẹ kó wọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ṣáájú. Ìlànà ìṣirò tí àwọn olùkọ́ wa fẹ́ràn ni ti Yamane: pín iye gbogbo ilé sí 1 + (iye ilé × 0.0025), bó bá jẹ́ pé àṣìṣe 5% lo lè fara mọ́. Ilé 1,200: ìsàlẹ̀ jẹ́ 4, ìdáhùn jẹ́ 300. Ṣùgbọ́n ká ní ilé òpópónà méjèèjì jẹ́ 60, ìdáhùn á lé díẹ̀ ní 52. Kí ló dé tí o kò kúkú wọ ọgọ́ta náà tán? Ìṣirò náà sọ iye fún ọ, kò sọ ẹni tí o máa bá. Bó bá jẹ́ kìkì ilé tí o mọ ọmọ wọn lo wọ̀, 300 náà kò ní wúlò.

ỌmọOdòÀlà
Ilé mẹ́tàdínláàádọ́ta ni. Mo kà á láàárọ̀ yìí. N máa wọ gbogbo wọn.

ẸniTóTiJìyàRẹ̀
Mo kọ èyí pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn, kí ẹlòmíràn má bàa ṣubú síbi tí mo ṣubú sí. Lọ́dún tó kọjá, mo ní kí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ AI wá ìwé fún mi lórí àkòrí mi. Ó kó méjìlá jáde, orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún, jọ́nà, ojú ewé, ó pé pérépéré. Mo fi gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn iṣẹ́ mi. Ọ̀kan nínú àwọn orúkọ náà jẹ́ ti olùkọ́ kan ní ẹ̀ka wa. Olùkọ́ náà pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó rọra bi mí pé, "Ibo lo ti ka ìwé yìí? Èmi kò kọ ọ́." Márùn-ún nínú méjìlá ni kò sí láyé. Òfo ni mo gbà nínú kọ́ọ̀sì náà, ìtìjú ọjọ́ yẹn sì wà lára mi di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Nísinsìnyí, ìwé tí n kò bá fọwọ́ ara mi ṣí, kò ní wọ inú iṣẹ́ mi. Bí ìwé bá ní DOI, nọ́ńbà tó máa ń fi 10 bẹ̀rẹ̀, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ sí doi.org kí n rí ibi tó gbé mi lọ. Bí kò bá ní, n máa lọ sí ojú ìwé jọ́nà náà, n máa wá ẹ̀dà ọdún yẹn, n máa ṣí ojú ewé yẹn gan-an. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni fún ìwé kan.

TíṣàEkìmọ̀gún
Ẹ pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́.

Ó kù ohun kan tó jọ ọ́, tó ń bà mí nínú jẹ́: kíkọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn bí ẹni pé tẹni ni. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé àwọn ń ṣe é. Ká ní Lágbájá kọ ọ́ ní 2019 pé, "Ìdọ̀tí tí àwọn ará ìlú ń dà sí gọ́tà ló ń dí omi lọ́nà nígbà òjò." Akẹ́kọ̀ọ́ kan á wá kọ ọ́ pé, "Pàǹtírí tí àwọn èèyàn ń jù sínú gọ́tà ló ń dènà omi lásìkò òjò." Aṣọ ló pààrọ̀, ara kan náà ló wà lábẹ́ ẹ̀. Bó bá tilẹ̀ fi orúkọ Lágbájá sí i, kò tíì sọ ohun kan tó jẹ́ tirẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ rí nìyí: "Lágbájá (2019) gbà pé ìdọ̀tí ló ń dí omi lọ́nà, ṣùgbọ́n òpópónà tó ní gọ́tà nìkan ló wò. Ní àdúgbò tí iṣẹ́ yìí dá lé, òpópónà tí kò ní gọ́tà ni omi kì í yọ lẹ́nu. Nítorí náà ó yẹ ká béèrè ibi tí gọ́tà ń gbé omi lọ, ká tó béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀." O gbọ́ ti Lágbájá, o bọ̀wọ̀ fún un, o sì fi tìrẹ kún un. Bí a ṣe ń ṣe àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ àwọn aṣíwájú nìyẹn. Títo orúkọ nìkan kò tó: Lágbájá sọ báyìí, Tàmẹ̀dò sọ báyìí, Làkáṣègbè sọ báyìí.

Bí mo ṣe máa ń kọ́ wọn ni pé: ka ìpínrọ̀ náà, pa ìwé dé, sọ ọ́ ní Yorùbá fún ẹni tó jókòó tì ọ́, kí o tó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí o kò bá lè sọ fún ìyá rẹ lórí ìjókòó, kò tíì yé ọ.

Ti ọ̀rọ̀ àwọn abẹ́nà ìmọ̀, ìyẹn àwọn tí o lọ bá sọ̀rọ̀: bí APA ni iléèwé rẹ ń lò, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí ìwọ fúnra rẹ ṣe kì í wọ inú ìwé ìtọ́kasí, torí kò sẹ́ni tó lè lọ kà á. Kọ ọ́ sínú iṣẹ́ náà bí ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu wọn jáde.

AdéAúlé
Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ìfáárà ló yẹ kó kọ́kọ́ kọ? Èmi máa ń fi í sẹ́yìn pátá.

TíṣàEkìmọ̀gún
Kọ gbólóhùn mẹ́ta péré ṣáájú, kí o lè mọ ibi tí o ń lọ. Àṣamọ̀, ìyẹn àkópọ̀ kúkúrú tó máa ń wà níwájú iṣẹ́, ni kó gbẹ̀yìn ohun gbogbo. Ẹni tí kò tíì dé kò lè ròyìn ìrìn àjò.

Bùọ̀dáLáíbìrì
Níbi tí mo ti yàtọ̀ sí Tíṣà díẹ̀ ni pé ọgbọ́n ìwádìí ni mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọ, torí ohun tí èèyàn ṣe ló ń sọ níbẹ̀, kì í le. Bí ojú ewé méjì bá ti wà nílẹ̀, ẹ̀rù á dín kù.

ỌmọOdòÀlà
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo ti padà dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo ti wọ ilé mẹ́tàdínláàádọ́ta náà. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, mo wọ bàtà òjò, mo sì tẹ̀ lé omi láti òkè òpópónà wa dé etí odò. Gọ́tà wa fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà àádọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ihò abẹ́ ọ̀nà tó yẹ kó ti bẹ́ sínú odò kò ju ọgọ́ta lọ, omi òpópónà mẹ́ta ló sì ń wọ́ wá síbẹ̀. Nígbà tí kò rí ọ̀nà lọ mọ́, mo rí i tó dúró, tó yí padà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gun ẹnu ọ̀nà wa. Mo ti wá kọ kókó iṣẹ́ mi báyìí: "Gọ́tà tí wọ́n ṣe láìwọn ibi tó máa bẹ́ sí ló ń kó omi wọ àwọn ilé òpópónà yìí." Ṣé ó ti tó?

TíṣàEkìmọ̀gún
Àbúrò, inú mi dùn gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ta kò ọ́ máa ní ilẹ̀ òpópónà kejì ga ju tiyín lọ, nítorí náà gọ́tà kọ́ ló fà á. Kí lo fẹ́ dá a lóhùn?

ỌmọOdòÀlà
N kò wọn ìyẹn, sà.

Oníṣirò
Yá rọ́bà omi lọ́wọ́ bíríkìlà kan, rọ́bà funfun tí wọ́n ń bu omi sí, tí wọ́n fi ń mọ ibi tó tẹ́ kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Kí ẹnì kan di orí kan mú lẹ́nu ọ̀nà tiyín, kí ẹnì kejì di orí kejì mú lẹ́nu ọ̀nà tiwọn. Ojú omi á bá ara rẹ̀ dọ́gba. Wọn ibi tó ga sí ilẹ̀ ní ọ̀dọ̀ méjèèjì, kí o yọ ọ̀kan nínú èkejì. Bí rọ́bà náà kò bá gùn tó, ẹ máa wọ̀n ọ́n ní ipele ipele.

ỌmọOdòÀlà
Mo ṣe é lónìí pẹ̀lú àbúrò mi ọkùnrin, bíríkìlà àdúgbò wa ló yá wa ní rọ́bà. Ilẹ̀ tiwọn ga ju tiwa lọ ní sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlélógún. Ọkàn mi bàjẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo padà sí ìwé tí mo kọ sílẹ̀ nílé kọ̀ọ̀kan: ilé márùn-ún wà ní òpópónà wa tí ilẹ̀ wọn kò ga ju tiwa lọ, síbẹ̀ omi kì í wọ̀ wọ́n, torí wọ́n jìnnà sí ihò náà. Mo ti fi méjèèjì sínú iṣẹ́ náà. Kókó rẹ̀ ti di báyìí: "Ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ wà lára ohun tó ń mú omi wọlé ní òpópónà yìí, ṣùgbọ́n ihò tó kéré ju gọ́tà lọ ló sọ ibi tí omi ti ń wọlé pátápátá." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó.

TíṣàEkìmọ̀gún
Yọ "pátápátá" kúrò. Ilé márùn-ún kò lè gbé e.